Ẹni Kẹrin Nínú Yàrá Ọkọ̀

Bẹ́ẹ̀dì ọmọdé méjì ni wọ́n tẹ́ sínú yàrá tí wọ́n fún wa nínú ọkọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo la mú dání. Wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì funfun ká ẹyẹ kọ̀ọ̀kan sórí ìrọ̀rí méjèèjì. Jákẹ́ẹ̀tì tí í mú èèyàn léfòó lójú omi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ti àgbà méjì, ti ọmọdé méjì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò lọ́wọ́, ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ wọlé. Ọmọ mi, Ummulkulthum, ló gba abẹ́ apá mi kọjá, tó lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kan, tó sì nawọ́ sí èkejì.

"Mọ́mì, ti Kẹ́hìndé nìyẹn," ó ní. "Wọ́n ti mọ̀ pé ó ń bọ̀."

Orúkọ mi ni Haleemah. Òwu ní Abẹ́òkúta ni ilé ọkọ mi. Mo fi orúkọ Ọlọ́hun síwájú kí n tó mú bírò láti kọ èyí, torí ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà fún mi. Bàbá mi ni lẹ́mọ́mù mọ́sáláásí kékeré kan ní Wásinmi, iwájú rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo fi kọ́ kéú, inú wáàsí rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Mo mọ ohun tí ẹ̀sìn wa sọ nípa òkú: ẹni tó bá ti lọ kì í padà wá bá aráyé ṣeré. Mo gbà á gbọ́ nígbà náà, mo sì gbà á gbọ́ lónìí. Ohun tí ojú mi rí náà ni màá sọ. Ọlọ́hun ló mọ èyí tó kù.

Ìbejì ni mo bí. Ummulkulthum ni Táyé, Abdulbaqi ni Kẹ́hìndé. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún méjì àbọ̀, ibà kọlu Abdulbaqi lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, a ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti gbé e wọ sàréè.

Ìyá ọkọ mi, Àlájà Àlímátù, tó ń ta aṣọ ní Ìtòkú, ló pe gbogbo ilé jọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sunkún. Ó ní nílé tiwa, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹnu sọ pé ìbejì kú, pàápàá létí ìkejì rẹ̀. Ó ní bó bá gbọ́ ọ báyìí, á tẹ̀ lé e. Àwọn ilé mìíràn máa ń sọ pé ó lọ sọ́jà. Ìyá ní ti ọjà kò dáa, torí Táyé máa ń bá òun lọ sí Ìtòkú, yóò máa wá ìkejì rẹ̀ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀.

"Ẹ sọ fún un pé ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó lọ sókè òkun," ó ní. "Ta ló máa gbé e débẹ̀ lọ wò ó?"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ nìyẹn. Bí Táyé bá bèèrè, Kẹ́hìndé wà nínú ọkọ̀. Bó bá kọ oúnjẹ, Kẹ́hìndé ń dúró dè é nínú ọkọ̀, kó jẹun kó lè dàgbà lọ bá a. Ọdún kan àti ààbọ̀ la fi ń sọ ọ́, láàárọ̀, lálẹ́, ní ohùn rara, kí ọmọ lè gbà á gbọ́. Èmi ọmọ lẹ́mọ́mù, èmi ni mo ń sọ ọ́ jù.

Ọkọ mi, Abdulkabir, ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Rélùwéè àárọ̀ ló ń gbé e láti ibùdó Láderin ní Abẹ́òkúta. Lọ́dún tó kọjá, iléeṣẹ́ wọn fún àwọn tó ti lo ọdún mẹ́wàá ní ẹ̀bùn: ọjọ́ mẹ́rin nínú ọkọ̀ afẹ́ láti Dubai, bàbá, ìyá, àtàwọn ọmọ. Wọ́n wo fáìlì rẹ̀, wọ́n bá ọmọ méjì níbẹ̀. Kò yọ orúkọ Abdulbaqi kúrò rí. Bó bá fẹ́ yọ ọ́, yóò kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ẹnu tí kò lè sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò lè kọ ọ́.

"Ìyá, ọkọ̀ tó ní ilé oúnjẹ mẹ́jọ!" ọkọ mi ń fi ìyá rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ tí ìwé náà dé. "Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ ó sanra débi pé wọn ò ní lè gbé yín sọ̀."

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé Táyé lé itan, ó ń fọwọ́ tún fìlà rẹ̀ ṣe, fìlà tó ti tọ́ tẹ́lẹ̀. "Ṣé kò síbòmíràn tí wọ́n lè gbé yín lọ ni, Abdulkabir?"

"Wọn ò ní kí n yàn, Ìyá."

Ní èbúté Dubai, obìnrin kan tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ka orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbójú sókè. "Ẹni kẹrin ńkọ́? Abdulbaqi, ọmọ ọdún mẹ́rin?"

Táyé ti fi ìka ẹsẹ̀ dúró, ó gbé àgbọ̀n lé orí tábìlì, ó ń wo ẹnu bàbá rẹ̀. Abdulkabir kàn ní láti sọ pé ọmọ náà ti kú. Gbólóhùn kan péré ni.

"Ṣé inú ọkọ̀ ni yóò ti bá yín?" obìnrin náà tún bi í.

Ọkọ mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Obìnrin náà tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ó sì fún wa ní káàdì méjì pẹ̀lú róbà ọrùn ọwọ́ méjì tí wọ́n ń fi dá ọmọdé mọ̀. Mo rò pé yóò bèèrè pásípọ́ọ̀tù ọmọ náà. Kò bèèrè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó, mi ò tíì mọ ohun tí kò jẹ́ kó bèèrè. Mo fi róbà kejì sísàlẹ̀ àpò mi, mo fa ẹnu àpò náà pa.

Mi ò ní parọ́, ọkọ̀ náà dára. Ó ga ju Olúmọ lọ lójú mi. Omi aláwọ̀ aró tó mọ́ gaara yí wa ká, Táyé ń sáré láti fèrèsé kan sí èkejì, bàbá rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé e bí ọmọdé. Lálẹ́ àkọ́kọ́ a jẹ ẹja títí ó fi sú wa. Àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé ìlàjì gbogbo nǹkan ni ọmọ náà ń jẹ. Ìlàjì búrẹ́dì, ìlàjì ọsàn, ìlàjì ife wàrà. Ó ń ti èyí tó kù sí iwájú àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní eré ọmọdé ni.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo gbóòórùn káńfọ̀.

Ẹni tó bá ti bá wọn wẹ òkú rí nílé Mùsùlùmí mọ òórùn náà. Wọ́n máa ń fi í sínú omi ìkẹyìn. Mo wá a káàkiri yàrá, mo gbóòórùn aṣọ wa, mo gbóòórùn balùwẹ̀. Orí ìrọ̀rí bẹ́ẹ̀dì kejì ló ti ń wá. Ẹyẹ táwẹ́ẹ̀lì náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo gbé ọwọ́ lé orí bẹ́ẹ̀dì. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá wa, Mùsùlùmí ọmọ ilẹ̀ Indonéṣíà, èèyàn jẹ́jẹ́, bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó kí mi ní sàláámà. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá, ọmọkùnrin yín kò ṣe ìjàngbọ̀n rárá. Ó kàn ń dùbúlẹ̀ ni, ó kọjú sókè. Àmọ́ ṣé òtútù ń mú un ni? Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ló fi wé ara láti orí dé ẹsẹ̀. Mo fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, kò jẹ́ kí n gbà á. Ṣé kí n dín afẹ́fẹ́ tútù kù fún un?"

Mo rò pé mo ní kó ṣeun.

Mo sọ fún Abdulkabir. Ó ní kí n má dẹ́rù ba ọmọ, pé ará Indonéṣíà yẹn ti ṣi yàrá mú. Ṣùgbọ́n kò bá mi jiyàn lórí òórùn náà. Mo rí i tó ń fi imú fà á, tó ń wo ilẹ̀.

Mo ṣe ohun tí bàbá mi kọ́ mi. Mo ṣe àlùwàlá, mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì náà, mo ń ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun tí ṣàìtánì kì í lè dúró gbọ́. Mo kà á léraléra. Táyé ń fi pẹ́ńsù kun àwòrán ẹja nílẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, Kẹ́hìndé ń bá yín kà á. Ó tún ti fo àárín."

Àárín ni Abdulbaqi máa ń fò. Àní ní ọ̀sẹ̀ tó kú gan-an, mò ń kọ́ ọ, ó ń fò ó, à ń rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo jáde síta, mo di irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, mo sunkún. Bó bá jẹ́ pé ó sá fún ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ni, ǹ bá mọ ohun tí mò ń bá jà. Ṣùgbọ́n ó ń bá mi kà á.

Ibẹ̀ ni mo ti fi fóònù pe Ìyá ní Abẹ́òkúta. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Haleemah, má sọ ọ́ o," Ìyá ní. Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń rí yòówù kó máa rí, kó má gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Bó bá gbọ́ ọ, á tẹ̀ lé e."

"Ìyá, ó ti ń tẹ̀ lé e."

"Ẹ kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ku ọjọ́ méjì. Ẹ di ọwọ́ ọmọ yẹn mú títí ẹ ó fi délẹ̀."

A dì í mú. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àárín wa ló sùn sí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin ò ṣe é dì mú látàárọ̀ dalẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ó ń sunkún pé òun fẹ́ lọ sí yàrá ìṣeré àwọn ọmọdé. Abdulkabir ní kò burú, òun á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Mo padà sí yàrá wa láti kírun alásàrì. Mi ò tíì ṣe sàláámà ìparí ìrun tán tí mo fi gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀.

"Ṣé ó wà lọ́dọ̀ rẹ?" Abdulkabir ni. "Haleemah, oorun ló gbé mi. Ìṣẹ́jú kan péré ni."

A sáré padà. Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ yàrá ìṣeré náà fi ara balẹ̀, ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní arákùnrin rẹ̀ ló wá pè é. Ó ní àwọn méjèèjì di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n jáde. Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí wa. Orúkọ Abdulbaqi wà níbẹ̀, àti aago tó fi róbà ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà: ìṣẹ́jú mẹ́jọ sẹ́yìn.

Mo ṣí àpò mi. Róbà náà wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bí mo ṣe fi í sí.

Ọkùnrin ará Indonéṣíà yẹn la pàdé lórí àtẹ̀gùn. Kò jẹ́ ká bèèrè. Ó nàka sí ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí èrò kì í sí. "Mo ní kí wọ́n má lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin," ó ní. "Ẹ yára."

Táyé ti gun àpótí ìjókòó kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lórí irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Oòrùn ń ràn, omi ń hó funfun nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó na ọwọ́ ọ̀tún síta, sórí omi, ìka rẹ̀ sì ká bí ìka ẹni tó di ọwọ́ ẹlòmíràn mú. Mo sún mọ́ ọn ní ìṣísẹ̀ kan, mo rí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Awọ ibẹ̀ tẹ̀ wọnú ní ojú mẹ́rin, bí ẹni pé ìka kéékèèké kan tẹ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ má wá o," ó ní. Kò pariwo. "Kẹ́hìndé ní bí ẹ bá wá, ẹ ó tún ní kí òun máa dúró. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Abdulkabir tún gbé ẹsẹ̀. Ọmọ náà fi ara sí iwájú. Abdulkabir dúró gbagidi.

Gbogbo ohun tí Ìyá sọ ń dún létí mi. Bó bá gbọ́ ọ, á tẹ̀ lé e. Wáàsí bàbá mi ló sì wá sí mi lọ́kàn, èyí tó ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ní obìnrin kan pe ọmọ rẹ̀ pé, wá, kí n fún ọ ní nǹkan. Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, bi í pé kí ló fẹ́ fún un. Ó ní èso dàbínù ni. Ànábì ní bí kò bá fún un ní nǹkan kan, irọ́ ni wọn ì bá kọ sílẹ̀ fún un. Irọ́ tí a pa fún ọmọdé! Kí ni wọ́n wá ti kọ sílẹ̀ fún èmi láti ọdún kan àti ààbọ̀?

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, kí ọmọ náà lè rí i pé mi ò ní sáré mú un.

"Táyé, mo parọ́ fún ẹ," mo ní. "Kẹ́hìndé ò wọ ọkọ̀. Ibà ló mú un. A gbé e lọ sí ọsibítù. Ó kú ní Ọjọ́rú, orí ẹsẹ̀ mi ló kú sí. Ọmọ mi, Kẹ́hìndé ti kú."

Mo ti sọ ọ́. Mo di ojú. Mo ń retí ìró omi.

Ohùn Táyé ni mo gbọ́. "Ṣé ẹ ti sọ fún òun náà?"

Mo la ojú. Ọmọ náà ń wò mí bí ẹni tó ń ro nǹkan. Ó yíjú sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó tẹ́tí, ó tún yí sí mi.

"Kò mọ̀," ó ní. "Ó ní ẹ̀yin lẹ ní òun wà nínú ọkọ̀. Ó ń gbọ́ yín lójoojúmọ́. Ó wá wá ọkọ̀ náà, ó wọ̀ ọ́, ó ń dúró. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ nǹkan mìíràn fún òun."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má bi mí bóyá àlùjànnú ni tàbí ọmọ mi. Alfáà tí mo bi léèrè lẹ́yìn náà ní àlùjànnú kan ló gbọ́ irọ́ wa tó gbé àwọ̀ ọmọ náà wọ̀. Ó ṣeé ṣe. Mi ò tako alfáà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, lójú oòrùn, ìyá Abdulbaqi ni mo jẹ́, ọmọ mi kan ò sì mọ̀ pé òun ti kú nítorí kò sẹ́ni tó ní ìgboyà láti sọ fún un.

Abdulkabir ló kúnlẹ̀. Ọkùnrin tí kò lè kọ ọ̀rọ̀ kan sínú fáìlì kúnlẹ̀ sórí pákó ọkọ̀, ó kọjú sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

"Abdulbaqi," ó ní. "O ti kú, ọmọ mi. Ọwọ́ èmi ni mo fi gbé ẹ wọ sàréè. Mo tẹ́ ẹ sí apá ọ̀tún, mo kọjú rẹ sí ìlà-oòrùn bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Mo yẹ kí n ti sọ fún ẹ kí n tó jáde níbẹ̀. Má bínú sí wa. Ànábì Ibrahim ló ń tọ́jú àwọn ọmọdé, ilé rẹ̀ tóbi, wọ́n ti ń retí rẹ níbẹ̀. Máa lọ. Má dúró dè wá mọ́."

Afẹ́fẹ́ dákẹ́. Òórùn káńfọ̀ dé, ó lágbára tó fi ta mí lójú, ó gba àárín èmi àti Abdulkabir kọjá bí ọmọ tó ń fẹ́ ká yà fún òun. Nígbà tó lọ tán, iyọ̀ òkun nìkan ló kù nínú imú mi. Ọwọ́ ọ̀tún Táyé rọ̀ wálẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí náà fúnra rẹ̀, ó wá bá mi, ó jókòó sórí ẹsẹ̀ mi. Mo dì í mú débi tó fi ní mò ń fún òun.

"Ó ti lọ?" mo bi í.

"Ó sáré ni. Ó ju ọwọ́." Ó fi ọwọ́ nu ojú mi. "Àwọn tó kù náà bá a lọ."

"Àwọn tó kù wo?"

"Àwọn ọmọ yẹn. Àwọn tí mọ́mì tiwọn náà ní wọ́n wà nínú ọkọ̀. Wọ́n gbọ́ ohun tí Dádì sọ." Ó yíjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀. "Ọmọbìnrin yẹn nìkan ni ò lọ. Ó ní Àlímátù lòun ń dúró dè. Sìlífátù lorúkọ ẹ̀."

Abdulkabir wò mí. Mo wò ó. Àlímátù ni orúkọ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun ò mọ Sìlífátù kankan. Ó mú fóònù jáde, ó pe ìyá rẹ̀, ó gbé fóònù náà sókè kí ojú lè kan ojú. Ọ̀sán ni nílé. Ìyá wà ní ìsọ̀ rẹ̀, aṣọ ká a mọ́, ó ń fi ìwé pálí fẹ́ ara.

"Ìyá, ta ni Sìlífátù?"

Ìwé pálí náà dúró.

"Ta ló sọ orúkọ yẹn fún yín?" Ìyá ní. "Bàbá rẹ tó kú gan-an ò mọ̀ ọ́n."

A sọ fún un.

"Èmi ni Táyé," Ìyá ní. Mo ti gbé ilé yẹn fún ọdún méje, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní Táyé rí. "Sìlífátù ni Kẹ́hìndé. Ọmọ ọdún márùn-ún ni wá nígbà tó lọ. Ìyá mi ní ó wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo máa ń lọ jókòó sétí odò Ògùn, mo rò pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ náà máa gbà bọ̀. Nígbà tí mo máa fi mọ̀, mo ti wà nílé ọkọ. Mi ò wá lè bi ẹnikẹ́ni mọ́." Ó fi ìborí nu imú. "Báwo ló ṣe rí?"

"Ìyá, ẹ sọ òótọ́ fún un," mo ní. "Ó ń gbọ́ yín. Ẹ jẹ́ kó lọ sinmi."

Abdulkabir yí fóònù náà sí ibi tí Táyé nàka sí. A gbọ́ tí Ìyá tún ohùn ṣe. Obìnrin tó ń pàṣẹ fún gbogbo ilé wa, ohùn rẹ̀ tín-ínrín bí ti ọmọ kéú.

"Sìlífátù. Ẹ̀gbọ́n mi. O ti kú. Ó ti pẹ́ tí o ti kú. Èmi Àlímátù ni mo ń bá ẹ sọ̀rọ̀."

Táyé tẹ́tí. Ó fi eyín di ètè mú díẹ̀, ó wá sọ ọ́.

"Ìyá àgbà, ó ní irọ́ ni. Ó ní Àlímátù kéré, eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni. Ó ní òun ò mọ̀ yín. Ó ní òun á máa dúró."

Ojú Ìyá wà lórí fóònù náà fún ìgbà pípẹ́, kò sunkún. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ bo fóònù rẹ̀, ibẹ̀ sì ṣókùnkùn.

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ̀yin tí Ọlọ́hun fi ìbejì ta lọ́rẹ tó sì gba ọ̀kan: ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ fún èyí tó kù, kí ẹ sì jókòó sétí sàréè, kí ẹ sọ ọ́ fún èyí tó lọ. Nǹkan kan ò ṣe Táyé mi. Ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán báyìí, ó ń sùn, ó ti mọ ọ̀nà ibojì ìkejì rẹ̀, ó ń bá wa ṣàdúà níbẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀.

Ìyá ni mi ò mọ bí màá ṣe sọ tirẹ̀.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìpè yẹn la padà dé Òwu. Ó ti jókòó dè wá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò borí, èyí tí mi ò rí rí. Ó ti di irun rẹ̀, ewú náà funfun báláú, ó dì í ní kéékèèké sókè, ó fi òwú pupa so ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún àwọn ọmọbìnrin nígbà tí òun náà wà lọ́mọdé. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mẹ́rin wà lórí itan rẹ̀, ó ti lọ ya wọ́n ní Òkè-Ìlewò, bó ṣe wà pẹ̀lú irun náà ni wọ́n yà á. Táyé sáré lọ dì mọ́ ọn. Ó ń fọwọ́ pa ọmọ náà lórí, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń wò.

"Ẹ kú àbọ̀," ó ní. "Abdulkabir, ọkọ̀ yẹn, ìgbà wo ló tún máa gbéra?"